Ẹ̀sọ́ọ̀sì tuntun lábẹ́ 4Runner mi: mo fẹ́ dè é fúnra mi nínú ọgbà wa ní Ìtìrẹ́

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́rú, aago 9 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, àmọ́ òní ni màá kọ́kọ́ dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Toyota 4Runner ọdún 2005 ni mò ń wà, V6, lítà 4.0. Tòkunbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti gbé mi dé ibi púpọ̀: iyanrìn etíkun Ẹlẹ́kọ̀, ẹrẹ̀ ọ̀nà Ìjẹ̀dẹ́, omi tó máa ń bo títì ní Lẹ́kí nígbà òjò. Omi iyọ̀ yẹn ló pa sàlẹ́ńsà mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi ìka tẹ ìdí rẹ̀, ìka wọlé. Báyìí, tí mo bá ti tan mọ́tò láago mẹ́fà àárọ̀, ìyá onílé á ti yọjú lójú fèrèsé.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Amẹ́ríkà bá mi ra ẹ̀sọ́ọ̀sì tuntun, ó sì fi ránṣẹ́ nínú ẹrù ojú omi. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn kátálíìsì (àpótí tó ń pa májèlé inú èéfín) lọ dé ìdí ni: páìpù àárín, sàlẹ́ńsà, páìpù ìdí, kíláḿpù mẹ́ta, gáskẹ́ẹ̀tì kan tó ń dí ojú ìsopọ̀. Mi ò fẹ́ gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kì í sì í ṣe tìtorí owó nìkan. Níbi kan tí àbúrò mi gbé mọ́tò tirẹ̀ lọ lọ́dún tó kọjá, wọ́n tú inú kátálíìsì rẹ̀ tà láìsọ fún un, wọ́n jó o padà, wọ́n kun ojú ẹ̀. Látìgbà náà ni mo ti sọ pé ohun tí ọwọ́ mi bá ká, èmi ni màá ṣe é.

Ẹ bá mi dá sí i. Ṣé ó ṣe é ṣe láìsí wẹ́dà? Ṣé jáàkì tó bá mọ́tò wá tó? Páìpù yìí fẹ̀ díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣé kò ní gba agbára mọ́tò nínú ẹrẹ̀? Mo fẹ́ kí ohùn ẹ̀ rinlẹ̀, mi ò fẹ́ ariwo.

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀ | Ọjọ́rú, aago 10 alẹ́

Àbúrò, o káre tí o béèrè kí o tó wọ abẹ́ mọ́tò. Ó ṣe é ṣe nílé, kò sì la wẹ́dà lọ. Àmọ́ ká kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ jáàkì ná, sípánà á dúró.

Jáàkì tó bá mọ́tò wá, táyà ni wọ́n ṣe é fún. Mọ́tò yẹn ju tọ́ọ̀nù kan àtààbọ̀ lọ dáadáa. Má sùn sábẹ́ ohun tí jáàkì nìkan gbé dúró, ìbáà ṣe ìṣẹ́jú kan. Yá sítáǹdì onírin mẹ́rin, gbé wọn sábẹ́ ṣásì gangan, kì í ṣe sábẹ́ páànù. Tí ilẹ̀ ọgbà yín bá jẹ́ yẹ̀pẹ̀ tàbí ìtàlọ́ọ̀kì tó ti rì, fi pákó tó nípọn sábẹ́ ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tí o bá ti gbé e dúró tán, fi èjìká tì í láti ẹ̀gbẹ́, kó tó di pé o wọ abẹ́ ẹ̀. Tó bá máa ṣubú, kó ṣubú nígbà tí o ṣì wà níta.

Búlọ́ọ̀kù ni mo fẹ́ kìlọ̀ rẹ̀ jù. Gbogbo wa la mọ ẹni tó ń fi búlọ́ọ̀kù gbé mọ́tò dúró lójoojúmọ́ tí nǹkan kan ò ṣe é. Búlọ́ọ̀kù kì í fún èèyàn ní àmì. Ó máa dúró bí òkúta, lójijì á di yẹ̀pẹ̀. Mo ti bá wọn wọ́ ọmọṣẹ́ kan jáde lábẹ́ mọ́tò rí, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́ láyé mi.

Ó wá kan bóòtù. Bóòtù tó ti ń gba iná àti iyọ̀ láti nǹkan bí ogún ọdún ò ní gbọ́ tìẹ lọ́jọ́ kan. Láti alẹ́ ọ̀la ni kí o ti máa fọ́n WD-40, òróró tó ń tú ìpẹtà, sí wọn, àárọ̀ kan, alẹ́ kan, títí di Sátidé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì mílímítà 14 ló sábà máa ń mú wọn lórí Toyota. Lo onígun mẹ́fà. Onígun méjìlá á jẹ orí nọ́ọ̀tì tó ti dógùn-ún. Kí o tó tú u, kọ́kọ́ dì í sí i díẹ̀, bí èékánná. Wàá gbọ́ bó ṣe máa dún "kẹ́". Ìpẹtà ló já yẹn. Ìgbà yẹn ni kí o wá máa tú u.

Ajórin Mushin | Ọjọ́bọ̀, aago 7 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi tí mò ń jórin jẹun ni mo ń sọ pé má pe ajórin, ọ̀rẹ́ mi. Kíláḿpù tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí ẹ ń fún ẹ láàyè láti yí páìpù títí á fi jókòó dáadáa, o sì tún lè tú u lọ́dún mìíràn. Tí a bá ti jó o pọ̀, ayùn ló kù. Tí ẹnikẹ́ni bá sì máa jó nǹkan lára mọ́tò yẹn níjọ́ mìíràn, kó kọ́kọ́ yọ orí bátìrì, kó má sì sún mọ́ táǹkì epo.

Irin wo ni wọ́n fi ṣe é? Wá mágínẹ́ẹ̀tì ìdí sípíkà tó ti kú, gbé e lé páìpù náà. Tí kò bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ 304, irú irin kan tí kì í tètè dógùn-ún, tí kúrómíọ̀mù inú ẹ̀ tó bíi 18 nínú ọgọ́rùn-ún tí níkẹ́ẹ̀lì sì tó bíi 8. Ìyẹn á bá ẹ pẹ́ létíkun. Tó bá lẹ̀ mọ́ ọn, ó lè jẹ́ 409, tí kúrómíọ̀mù tiẹ̀ ò ju bíi 11 lọ, tàbí irin lásán tí wọ́n fi alumíníọ̀mù bò. Méjèèjì ṣì dára, àmọ́ bí o bá ti iyanrìn dé, fi omi tútù tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ ẹ̀ lọ́jọ́ náà. Irin tí wọ́n bò, ibi tí o bá ti fi ayùn kàn án ni ìpẹtà á ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹyọ kan tó kù: fi sípíríìtì nu gbogbo ara ẹ̀ kí o tó tan mọ́tò nígbà àkọ́kọ́. Òróró ìka ọwọ́ á jóná mọ́ ọn, ojú ìka rẹ á sì wà níbẹ̀ títí ayé.

Ọmọ Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, aago 12 ọ̀sán

Ẹ kú ọ̀sán, ẹ̀yin àgbà. Èrò tèmi yàtọ̀ díẹ̀, ẹ má bínú. Jíìpù V6 lèmi náà ń wà. Mo yọ sàlẹ́ńsà, mo yọ kátálíìsì, mo gbé páìpù tààrà sí i láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ń mí! Ẹni tó wà ní Mile 12 á ti gbọ́ pé mò ń bọ̀. Èéfín tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ tú jáde, kí ló dé tí a ó fi dí i lọ́nà? Àbúrò Ìtìrẹ́, bí o bá ti wà lábẹ́ ẹ̀ tán, gé kátálíìsì yẹn. Àwọn tó ń rà á á tún fún ẹ lówó.

Ìyá Ìbejì Yábàá | Ọjọ́bọ̀, aago 4 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò Ìkòròdú, mo gbọ́ ẹ. Ohùn yẹn lè dùn, mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí ohùn. Àmọ́ iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà yẹ mọ́tò wò, mọ́tò tí wọ́n ti gé kátálíìsì ẹ̀ ni mo sì ń rí jù. Jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀.

Kátálíìsì kì í ṣe ìdènà tí wọ́n kàn fi sí i. Inú ẹ̀ dà bí afárá oyin, wọ́n wá fi plátínọ̀mù, paládíọ̀mù àti ródíọ̀mù pa á lára. Torí wọn ni wọ́n ṣe ń rà á lọ́wọ́ yín. Bí èéfín bá ti ń gba ibẹ̀ kọjá, kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì tó lè pa èèyàn á di kábọ́ọ̀nù dayọ́sáìdì, epo tí kò jóná tán á jóná. Tí o bá yọ ọ́, gbogbo májèlé yẹn ló ń jáde ní tútù. Ta ló ń mí i sínú? Ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ìwọ náà.

Mọ́tò Ọmọ Ìtìrẹ́ ní sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn mẹ́rin: méjì ṣáájú kátálíìsì, méjì lẹ́yìn. Àwọn ti ẹ̀yìn ló ń ṣọ́ bóyá kátálíìsì ń ṣiṣẹ́. Bí kátálíìsì ò bá sí níbẹ̀ mọ́, iná ẹ́ńjìnnì á tàn, kóòdù P0420 tàbí P0430, tó ń sọ pé kátálíìsì ò ṣiṣẹ́ dáadáa, ni ẹ̀rọ á kà. Iná náà ò sì ní kú mọ́. Lọ́jọ́ tí àìsàn gidi bá wá ṣe ẹ́ńjìnnì, kí ni wàá fi mọ̀?

Ó ku ọ̀rọ̀ páìpù fífẹ̀. Àwọn kan máa ń sọ pé ẹ́ńjìnnì nílò ohun tó ń dí i lọ́nà kó tó lágbára. Kò rí bẹ́ẹ̀. Eré tí èéfín ń sá nínú páìpù ló ṣe pàtàkì. Èéfín tó kọ́kọ́ jáde ló ń fa ti ẹ̀yìn ẹ̀ bọ̀, bí ìgbà tí èrò bá ń tú jáde lẹ́nu ọ̀nà tó ṣe wẹ́kú. Bí páìpù bá fẹ̀ jù, èéfín á rọra máa wọ́, fífà yẹn á sì dín kù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́jẹ́. Nínú ẹrẹ̀, jẹ́jẹ́ yẹn gan-an lẹ fi ń jáde. Fún V6 yìí, páìpù íǹṣì méjì àtààbọ̀ tó. Bí tìrẹ bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, Ọmọ Ìtìrẹ́, fi ọkàn balẹ̀.

Ẹ má gbàgbé pé LASEPA, àjọ ìjọba Èkó tó ń bójú tó àyíká, ló ń rí sí ariwo ní ìpínlẹ̀ yìí. Àmọ́ kó tó kan LASEPA, ọmọ jòjòló ilé kejì ni ká kọ́kọ́ rò.

Ọmọ Ìkòròdú | Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́

Àǹtí mi, ẹ ṣé. Lóòótọ́ ni iná ẹ́ńjìnnì mi ti tàn látìgbà tí mo ti yọ ọ́. Wọ́n ní kí n má dá a lóhùn. Epo tí mò ń rà náà ti pọ̀ sí i, mo rò pé ọ̀wọ́n epo ni. Ẹ jẹ́ kí n ro ó wò.

Afẹ́yanrìn | Ọjọ́ Ẹtì, aago 6 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi kinní kan kún un, torí mọ́tò yìí ń lọ síbi tí kò sí títì.

Bí mọ́tò bá wà lórí sítáǹdì, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn á rọ̀ sílẹ̀, ojú á fi ẹ̀tàn hàn ẹ́ pé àyè pọ̀ lókè. Nígbà tó bá balẹ̀ tó sì bọ́ sínú kòtò, ọ̀pá tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀ á gòkè, á sì gbá páìpù. Nítorí náà, wọn àyè náà lẹ́ẹ̀mejì: nígbà tí ẹsẹ̀ rọ̀, àti nígbà tí o bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè. Mo máa ń fẹ́ kí ìka mẹ́ta wọ àárín páìpù àti ohunkóhun tó bá wà nítòsí ẹ̀: ṣọ́ọ̀kì, rọ́bà bíréèkì, táǹkì epo, sípíà táyà tó so sábẹ́.

Má ṣe dúró lórí koríko gbígbẹ nígbà tí kátálíìsì ṣì gbóná. Bí o bá sì wọ omi tó bo ìdí páìpù, má jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kú níbẹ̀. Tẹ epo jẹ́jẹ́, kó máa fẹ́ omi jáde títí wàá fi gòkè.

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́ Àìkú, aago 8 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ó ti wà lábẹ́ mọ́tò! Aago mẹ́jọ àárọ̀ àná ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo parí. Ẹ jẹ́ kí n ròyìn ẹ̀ bó ṣe rí, torí ẹlòmíràn lè fẹ́ ṣe é.

Mo yá sítáǹdì mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀gá kan ní Ójúẹlẹ́gba. Mo gé pákó síbi tí ìtàlọ́ọ̀kì ti rì. Mo fi èjìká tì í bí Ẹ̀gbọ́n ṣe wí, kò mira. Àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú látàárọ̀ títí a fi parí, iṣẹ́ tiẹ̀ ò ju kó máa wò mí lọ.

Bóòtù méjì ló wà níbi tí páìpù àárín ti pàdé ti iwájú. Èyí àkọ́kọ́ dún "kẹ́", ó sì tú bí ẹni pé àná ni wọ́n dì í. Inú mi dùn jù. Èkejì já. Orí ẹ̀ kàn bọ́ sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ìyókù ẹ̀ wà nínú ihò, dúdú bí èédú. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ìpẹtà ń já lé gíláàsì ojú mi, mò ń wò ó. Mo dúpẹ́ pé mo wọ gíláàsì. Mo fi dírílì lu àárín ẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ láti inú ẹnu dírílì kékeré, mo ń fi òróró tù ú, mo gòkè díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó kù fi wó jáde. Wákàtí kan àtààbọ̀ lọ síbẹ̀. Mo fi bóòtù tuntun àti nọ́ọ̀tì tí mo rà ní ọjà Ládípọ̀ rọ́pò méjèèjì.

Àwọn rọ́bà tó gbé e rọ̀ náà ṣòro fà. Ọ̀ṣẹ ìfọṣọ àti omi ni mo fi pa irin àárín wọn, wọ́n yọ̀ jáde. Mo yẹ̀ wọ́n wò, méjì ti là, mo pààrọ̀ wọn.

Nígbà tí sàlẹ́ńsà àtijọ́ balẹ̀, mo gbé e mì. Iyanrìn ló ń dà jáde nínú ẹ̀, iyanrìn Ẹlẹ́kọ̀.

Ti tuntun, mo kọ́kọ́ so gbogbo ẹ̀ rọ̀ láìdì í, láti iwájú lọ sẹ́yìn. Mo yí sàlẹ́ńsà títí ó fi tẹ́jú, mo fi ìka mẹ́ta wọn gbogbo àyè bí Afẹ́yanrìn ṣe wí. Sípíà táyà ló sún mọ́ ọn jù, mo yí páìpù ìdí díẹ̀ kó yàgò. Mo wá dì í láti iwájú wá sẹ́yìn. Mágínẹ́ẹ̀tì ò lẹ̀ mọ́ ọn rárá, ó jọ pé 304 ni.

Nígbà tí mo tan án, èéfín funfun díẹ̀ rú jáde lára páìpù, ó ń rùn bí òróró tó ń jóná. Ìwé tó bá a wá sọ pé òróró ilé-iṣẹ́ ni, pé á tán. Ohùn ẹ̀ wálẹ̀, ó ń dún bí ẹni tó ń kùn orin láìlanu. Ìyá onílé bọ́ sí báńkónì, wọ́n ní, "Ṣé o ti tan án ni?"

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀ | Ọjọ́ Àìkú, aago 9 alẹ́

O ṣe iṣẹ́ ọkùnrin, àbúrò. Bí o bá ti wà á tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà, jẹ́ kó tutù, kí o tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì. Iná á na irin, á tún sún un kì, kíláḿpù á sì dẹ̀. Má jẹ́ kó di ọ̀sẹ̀ méjì.

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́

Ẹ dákun, ọ̀rọ̀ mìíràn dé, ọkàn mi ò sì balẹ̀.

Lánàá a lọ kí ìyá ìyàwó mi ní Ajah. A bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé lọ́nà, a lò tó wákàtí méjì. Nígbà tí a ó fi dé Jákáńdè, ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́fà, ní orí ń fọ́ òun. Kò pẹ́, ó bì. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin ní òòyì ń kọ́ òun. Èmi àti ìyá wọn níwájú, nǹkan kan ò ṣe wá. A rò pé ibà ni. A dúró ní ilé oògùn kan, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kò sí ibà. Nígbà tí a jókòó nínú ọgbà màmá fún nǹkan bí wákàtí kan, àwọn méjèèjì ń sáré kiri. Nígbà tí à ń bọ̀ lálẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Mo gbóòórùn èéfín díẹ̀ nínú mọ́tò, mo ṣáà ń rò pé òróró ilé-iṣẹ́ yẹn ni kò tíì tán.

Ìyá Ìbejì Yábàá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 10

Bàbá wọn, má gbé ọmọ kankan sínú mọ́tò yẹn mọ́ títí a ó fi rí ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀la, mú àwọn ọmọ lọ rí dókítà, kí o sì sọ fún un pé o rò pé wọ́n ti mí èéfín mọ́tò sínú. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí wọ́n má baà fún wọn ní oògùn ibà.

Kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì kì í rùn, kò ní àwọ̀. Òun ló ń pa àwọn tó gbé jẹnẹrétọ̀ sí kọ́rídọ̀ sùn. Agbára tó fi ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju ti ọ́síjìn lọ ní ìlọ́po tó lé ní igba. Orí fífọ́, èébì, òòyì: gbogbo ẹ̀ ló jọ ibà, ìdí nìyẹn tí kò fi sábà yé wa. Àmọ́ ibà kì í lọ nígbà tí èèyàn bá sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, kó tún padà wá nígbà tó bá wọlé.

Dá mi lóhùn: ṣé gíláàsì búùtù wà nílẹ̀ nígbà tí ẹ ń lọ?

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 25

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Gáàsì AC mi ti tán. Gíláàsì búùtù 4Runner máa ń sọ̀kalẹ̀ pátápátá, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè fẹ́ sí àwọn ọmọ. Bí mo ṣe máa ń ṣe nìyẹn látọdún tó kọjá, irú èyí ò sì ṣẹlẹ̀ rí.

Ìyá Ìbejì Yábàá | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9 alẹ́ kọjá ìṣẹ́jú 40

Ibẹ̀ ni mo fura sí. Mọ́tò tí ìdí ẹ̀ gún bí àpótí, bó bá ń lọ, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn ẹ̀ kì í sá lọ tààrà. Ó ń yípo níbẹ̀, ó ń gòkè, ó sì ń gbé èéfín ìdí dání. Bí gíláàsì ẹ̀yìn bá là, inú mọ́tò ló ń fà á wọ̀, àwọn tó jókòó sẹ́yìn ló sì ń kọ́kọ́ mí i. Kódà pẹ̀lú ẹ̀sọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́, kò yẹ kí gíláàsì yẹn wà nílẹ̀ nígbà tí mọ́tò ń rìn.

Ó ku ohun tó yàtọ̀ báyìí. Lọ wo ibi tí ẹnu páìpù tuntun parí sí.

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́rú, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Dókítà ti rí wọn. Wọ́n ní ara wọn ti mọ́, kí a má jẹ́ kí wọ́n wọ mọ́tò náà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, Ìyá Ìbejì.

Mo wọlẹ̀ lọ wò ó. Páìpù àtijọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo gbé e ti tuntun. Ti àtijọ́ yọ jáde kọjá etí bọ́m̀pà. Ti tuntun parí sábẹ́ bọ́m̀pà, ó kù bíi ìbú ọwọ́ kan kó tó dé etí ẹ̀. Nígbà tí mo yí i kó lè yàgò fún sípíà táyà, mo tún fà á wọlé sí i. Abẹ́ bọ́m̀pà náà ti dúdú fún èérí.

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀ | Ọjọ́rú, aago 7 alẹ́

Ọ̀ràn kan nìyẹn, ó sì lè jẹ́ méjì. Ṣé o ti tún nọ́ọ̀tì dì? Yẹ ibi ìsopọ̀ wò báyìí: po ọṣẹ mọ́ omi kó hó, kí mọ́tò tutù, bù ú sí gbogbo ojú ìsopọ̀. Kí ẹnìkan tan mọ́tò, kí ẹlòmíràn wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kó fi àkísà tó nípọn dí ẹnu páìpù ìdí díẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Ibi tí èéfín bá ti ń yọ á máa hó púkẹ́púkẹ́. Ìta gbangba ni kí ẹ ti ṣe é. Má fi sílíkóònù dí i o, púpọ̀ nínú wọn ń ba sẹ́ńsọ̀ jẹ́.

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́bọ̀, aago 7 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ó hó. Kíláḿpù kejì, èyí tó wà láàárín páìpù àárín àti sàlẹ́ńsà, abẹ́ ìjókòó àwọn ọmọ gan-an. Ọ̀ṣẹ náà ń wú bí itọ́ ọmọdé. Mo tú u: páìpù kan ò tíì wọ inú èkejì tán, ó ku bíi ìbú ìka kan. Mo tì í wọlé dé àmì tó wà lára ẹ̀, mo dì í, mo tún bu ọṣẹ sí i. Kò hó mọ́.

Ajórin Mushin | Ọjọ́bọ̀, aago 8 alẹ́

Tú páìpù ìdí nìkan, gbé e wá. Mo ní àjákù 304 tó bá a mu. Màá jó o mọ́ ọn lórí tábìlì, kò sí pé mo ń jó nǹkan lábẹ́ mọ́tò tó ní epo nínú. Wọn ìwọ̀n ẹ̀ wá: láti ẹnu páìpù dé etí bọ́m̀pà, kí o fi ìka mẹ́ta lé e.

Ọmọ Ìtìrẹ́ | Ọjọ́ Àìkú, aago 5 ìrọ̀lẹ́

Ajórin Mushin kò gba ju owó ọ̀pá ìjórin lọ lọ́wọ́ mi. Ẹnu páìpù ti yọ kọjá bọ́m̀pà báyìí, ó sì kọjú sí ẹ̀gbẹ́. Mo ti tún gbogbo nọ́ọ̀tì dì. Gíláàsì búùtù wà lókè, mo ti ní kí ọmọ mi ọkùnrin lẹ ìwé pélébé mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀ pé "Má fọwọ́ kàn án". Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni màá rọ gáàsì AC.

Mo ra ẹ̀rọ kékeré tó ń dún bí kábọ́ọ̀nù mọnọ́sáìdì bá wà níbì kan. Èmi nìkan ni mo wà á láti Ìtìrẹ́ dé Ajah lónìí, ẹ̀rọ náà wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn, níbi tí ọmọbìnrin mi máa ń jókòó sí. Òdo ló ń kà ní àlọ, òdo ló ń kà ní àbọ̀.

Ọmọ Ìkòròdú | Ọjọ́ Àìkú, aago 6 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin àgbà, ọmọ mẹ́ta lèmi náà máa ń gbé lọ sílé ìwé nínú jíìpù mi. Mo ti ka ọ̀rọ̀ yìí lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fẹ́ dá kátálíìsì padà, kí n sì gbé sàlẹ́ńsà sí i. Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀, ta ni mo lè rí?

Ẹ̀gbọ́n Ládípọ̀ | Ọjọ́ Àìkú, aago 7 alẹ́

Èmi ni. Sátidé, aago mẹ́jọ àárọ̀. Bẹ̀rẹ̀ sí fọ́n òróró sí bóòtù láti Ọjọ́bọ̀, kí o sì rọ gbogbo gíláàsì ẹ̀gbẹ́ sílẹ̀ bí o bá ń bọ̀.